Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àǹtí Télọ̀: Abẹ́rẹ́ Dà?

Àǹtí wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú iná tí wọ́n mú lọ, ẹ kú ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ kú oníbàárà tó ń fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, n ò bá ọwọ́ yín nílẹ̀ rí, àfi ìgbà tí ẹ bá ń ka owó àsansílẹ̀.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó wù mí kí n rọra yà sí ṣọ́ọ̀bù, ká jọ sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá yà, wọ́n á ní ẹ ò sí. Ọmọ mi ló sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọmọ ọdún méje tí mo fi sọ́dọ̀ yín ní họ́lídé gígùn, pé kó wá mọ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, tó wo èmi òbí rẹ̀ lójú kòrókòró, tó ní, "Àǹtí lọ sọ́jà, wọn ò tíì dé." Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ yín ni mo ń wò yẹn lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ. Ẹ̀yin ará tó ń bá wa ka lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, torí aláìmoore ò dáa. Ohun tí ọmọ yìí kọ́ lọ́dọ̀ yín kò kéré. Ó mọ ìyá alákàrà tí àkàrà rẹ̀ tóbi jù ládùúgbò, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ kó fi èènì sí i. Ó mọ iye tí wọ́n ń ta epo bẹntiróò láàárọ̀ àti iye tí wọ́n ń tà á lálẹ́. Ó mọ èwo nínú àwọn oníbàárà yín ló yẹ kí wọ́n fún ní àga, ó mọ èwo ló yẹ kí wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ dídùn nìkan. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù ni irin òòfà yẹn, èyí tí ẹ yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, tí ẹ so okùn mọ́. Á máa wọ́ ọ kiri abẹ́ maṣíìnì, píìnì á máa fò lẹ̀ mọ́ ọn láti inú eruku àti àjákù òwú, á gbé e sókè, á gbọ̀n ọ́n sínú agolo. Iṣẹ́ gidi ni, n ò bú u. Ṣùgbọ́n Àǹtí, ọmọ tó ti ṣa píìnì nílẹ̀ tó báyìí, kò sẹ́ni tó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi píìnì kan ṣoṣo mú aṣọ méjì pọ̀.

Ẹ tún kọ́ ọ ní èdè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ó ti parí o, ó ku bọ́tìnnì." Mo ní bọ́tìnnì wo ló wà lára ìṣirò? Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀. N ò lè bá òwú jà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwé tí ẹ kọ fún mi lọ́jọ́ tí mo mú un wá. Sísọ́ọ̀sì kan, téèpù kan, ṣọ́ọ̀kì, òwú oríṣiríṣi àwọ̀, páálí abẹ́rẹ́ kan. Mo ra gbogbo rẹ̀, n ò ní kí ẹ dín nǹkan kan kù. Sísọ́ọ̀sì ọ̀hún ni ẹ fi ń gé léèsì àwọn èèyàn báyìí. Mo dá a mọ̀, ọ̀dà pupa tí mo fi sàmì sí i ṣì wà létí rẹ̀. Téèpù wà lọ́rùn ọmọṣẹ́ yín àgbà. Òwú, ẹ̀yin lẹ mọ ara ẹni tó wà. Páálí abẹ́rẹ́ nìkan ni kò tíì kúrò níbi tí ẹ gbé e sí, lórí pẹpẹ lókè maṣíìnì, pẹ̀lú ọ̀rá tó wà lára rẹ̀ láti ọjà. Ẹ ò tú u. Ìyẹn gan-an ni ohun tó gbé mi dé orí lẹ́tà yìí.

Ẹ ó ní ẹ kọ́ ọ. Òtítọ́ ni, ẹ gbé e jókòó sídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan pẹ́dà. Ẹ̀yin àtàwọn ọmọṣẹ́ yín rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní, "Jẹ́ kó dàgbà ná," ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ sì fi owó àkàrà lé e lọ́wọ́. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe parí nìyẹn. Àǹtí mi, ta ló ní orí maṣíìnì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé ọgbọ́n tirẹ̀ pọ̀. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kó máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ọwọ́ á máa tọ́ aṣọ, ojú á wà lẹ́nu abẹ́rẹ́. Bí wíìlì bá ṣi ọ̀nà yí padà sẹ́yìn, òwú á ta kókó tàbí kó já. Àwọn ọmọṣẹ́ yín tó ti ní irùngbọ̀n gan-an, orí bébà onílà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ láìfi òwú sí i, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń tọ ojú ìlà. Kí ló wá kan ọmọ ọdún méje nínú ìyẹn?

Maṣíìnì kì í ṣe baba ìránṣọ. Ní 1846 ni Elias Howe gba ìwé àṣẹ fún maṣíìnì tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Isaac Singer gba tiẹ̀ ní 1851, ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn bàbá ńlá wa kò rìn níhòòhò títí ó fi dé. Aṣọ òfì tí wọ́n ń hun ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, etí sí etí ni wọ́n fi ọwọ́ rán an pọ̀, kó tó di ìró, kó tó di agbádá. Ẹ wo iṣẹ́ yẹn dáadáa: ìlà gbọọrọ kan ni, kò ní kọ́nà, kò ní ọrùn, kò ní sípù. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó bá ọwọ́ ọmọdé mu tó o. Ọwọ́ ni, abẹ́rẹ́ ni, àti sùúrù àgbàlagbà tó jókòó tì í. Bóyá ibi sùúrù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín, abẹ́rẹ́ á gún un. Kí Ọlọ́run bù kún yín fún àánú. Àánú yẹn, ibo ló wà lọ́jọ́ tí ẹ rán an kọjá títì tí àwọn ọlọ́kadà ń sáré lórí rẹ̀, pé kó lọ ra káàdì wá? Ibo ló wà lọ́jọ́ tí iná ò sí, tí ẹ ní kó máa fẹ́ ẹyín iná sínú ìlọṣọ eléèédú? Abẹ́rẹ́ á gún un, mo gbà. Ẹ̀jẹ̀ á yọ díẹ̀, á fi ìka sẹ́nu, á wo ojú yín bóyá kóun sunkún tàbí kóun máà sun ún. Bí ẹ ò bá pariwo, kò ní sun ún. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún un mọ́ pé kó ṣọ́ ibi tí ìka rẹ̀ wà.

Èyí tó jẹ́ ìyanu fún mi jù ni pé ọmọ yìí ń di abẹ́rẹ́ mú lọ́dọ̀ yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ojú yín kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ bí ẹ ò bá rí jígí yín, jígí yín kì í sì í wà níbi tí ẹ fi í sí. Ta ló ń bá yín ti òwú bọ abẹ́rẹ́? Òun ni. Mo ti dúró wò ó: á fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnu òwú ní ìdagun, á fi itọ́ pa á, á di ojú kan, á tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan, á wá nawọ́ rẹ̀ sí yín. Ẹ gbà á, ẹ ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ yìí, ó ti mọ̀ ọ́n; ẹ ò wá jẹ́ kó dé ibi tó rọrùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ ìyá mi ní ọbẹ̀ sísè. Ẹ kọ́kọ́ wá abẹ́rẹ́ tó gùn, tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò mú, pẹ̀lú òwú híhun tó nípọn. Aṣọ àkọ́kọ́ kì í ṣe aṣọ rárá: ègé àpò ìdọ̀họ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kó kòkó, torí ojú rẹ̀ là gbàgàdà, ọmọ á rí ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ àti ibi tó ń yọ sí. Ẹ wọn òwú láti èjìká ọmọ náà fúnra rẹ̀ dé ìka ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe èjìká tiyín. Tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, á lọ́, á ta kókó, ẹkún á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan ṣoṣo.

Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo lè sọ ọ́ fún yín ṣáájú, torí ọmọ gbogbo ló ń ṣe é. Á ti abẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ dáadáa. Á wá gbàgbé pé ìsàlẹ̀ náà ló yẹ kó ti gbà padà wá. Á gbé e gba etí àpò yípo wá sókè, òwú á wá dì í káàkiri bí ìgbà tí wọ́n bá di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó yí àpò náà padà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó sọ ibi tí òwú gbà fún yín. Tó bá ti rí i fúnra rẹ̀, ó tán. Èyí tó tún máa ṣẹlẹ̀, ó dá mi lójú pé ẹ rántí tiyín, ni pé á rán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù tó wọ̀. Á fẹ́ dìde, àpò á bá a dìde. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo fún yín láṣẹ.

Nígbà tó bá ti mọ ìlà tọ̀, ó kan bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì olójú mẹ́rin, tó tóbi, àti ègé àǹkárá tó nípọn díẹ̀. Ẹ fi igi ìṣáná kan há abẹ́ òwú lórí bọ́tìnnì náà, kó rán an kọjá lórí igi. Tó bá parí, kó yọ igi, kó fa bọ́tìnnì sókè, kó yí òwú mọ́ ọn nídìí lábẹ́, bọ́tìnnì á ní àyè láti mí. Ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 tó lójúmọ́. Ọmọdé tó bá ti ń wo títì, ọkàn rẹ̀ ti lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ bá a.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù, tí mo fi ń rọra sọ̀rọ̀ láti òkè wá. Ọmọ yìí rí bọ́tìnnì kan nílẹ̀, ó fúnra rẹ̀ rán an mọ́ ègé àǹkárá kan nígbà tí ẹ ń jẹun lọ́sàn-án. Ó gbé e wá hàn yín. Ẹ mú bíléèdì, ẹ tú u pátá, ẹ ní, "Kò gún." Ẹ wá rán an lójú ẹsẹ̀ bó ṣe tọ́, ẹ gbé e fún un, ẹ ní, "Wò ó báyìí." Ọmọ náà kò wò ó, ó ju ègé aṣọ yẹn sínú àpò àjákù. Àǹtí, oníbàárà wo ló ń dúró de ègé àǹkárá yẹn? Òde ìyàwó wo ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ? Nígbà tí bọ́tìnnì aṣọ tí ẹ rán fún èmi fò jáde níwájú àwọn àna mi, tó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga bàbá ìyàwó, ta ló mú bíléèdì wá bá yín? Ẹ jẹ́ kí ti ọmọ wọ́ bó ṣe wọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kó rán òmíràn, kó fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ojú ọmọdé mọ èyí tó gún, kò dúró de bíléèdì.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ńkọ́? Ó tẹ̀ lé e wá lọ́jọ́ méjì, ẹ lé e padà. Ẹ ní kó lọ gbá bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín, torí nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ọkùnrin ni ọmọṣẹ́ yín àgbà, ọkùnrin sì ni ọ̀gá tó fún ẹ̀yin fúnra yín ní fíríìdọ̀ọ̀mù. Àwòrán rẹ̀ ló wà lára ògiri yẹn. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá láyé àtijọ́: ọkùnrin ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi òfin owó ìrànwọ́ ilé-ìwé wọn ti 1862 sọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ di dandan fún àwọn ọmọbìnrin, irú ìrònú bẹ́ẹ̀ sì bá ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wọ ilẹ̀ wa. N ò bú àwọn míṣọ́nnárì o. Anna Hinderer tó dé Ìbàdàn ní 1853 fi abẹ́rẹ́ lé àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kúdẹtì lọ́wọ́, ìyẹn ti ju ohun tí ẹ ṣe fún ọmọ mi lọ. Ní ilẹ̀ Finland, wọ́n ti fi iṣẹ́ ọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti 1866. Ní Japan lónìí, ọmọ kíláàsì karùn-ún àti kẹfà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló ń kọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti maṣíìnì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ní àpótí ìránṣọ tirẹ̀ tí ó ń gbé lọ sílé-ìwé. Tèmi kò béèrè àpótí. Ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kó jókòó ló ń wá.

Ẹ tún fetí sílẹ̀ o. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde, iṣẹ́ aṣọ rírán sì wà lára iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọmọ girama kékeré lè yàn. Òbí púpọ̀ ló máa sáré wá bá yín láìpẹ́, pé ẹ bá àwọn dá ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nílé. Ẹ ó gba owó, ẹ ó kọ ìwé ohun tí wọ́n máa rà, ẹ ó ní sísọ́ọ̀sì tó pọ̀ ju ti ọlọ́jà lọ. Mo ń kì yín nílọ̀ lójú gbogbo ayé pé a ti ń ṣọ́ yín.

N ò gbàgbé pé iṣẹ́ yín le. Oníbàárà tó gbé aṣọ wá lọ́jọ́rú tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun náà yẹ kó gba lẹ́tà tirẹ̀. Mo sì gbà pé ọmọṣẹ́ tó fẹ́ lo ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ gbálẹ̀, kó pọnmi, kó mọ ọ̀gá rẹ̀ kó tó mọ iṣẹ́. Ọmọ họ́lídé kò ní ọdún mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ní, ìgbálẹ̀ sì wà nílé wa.

Họ́lídé Kérésì ń bọ̀. Mo mọ̀ pé àsìkò aṣọ ọdún ni, n ò ní kí ẹ kọ́ ọ ní bùbá. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀: àpótí ìjókòó kan létí fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, àpò àjákù àǹkárá yín tí ẹ máa ń dáná sun, abẹ́rẹ́ kan nínú páálí tí mo rà, àti ìṣẹ́jú 15 tí ẹnikẹ́ni ò ní rán an níṣẹ́. Tó bá rí ìyẹn, á rán ìrọ̀rí kékeré kan tí àwọn píìnì yín á máa wà lára rẹ̀, kí ẹ lè yéé dà wọ́n sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń bá a bọ̀, ẹ má lé e. Tí ẹ bá sì rí i pé kò ní ṣeé ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì mi àti páálí abẹ́rẹ́ náà rán ọmọ sí mi kí oṣù yìí tó parí, kí n tètè wá ẹlòmíràn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, òbí ọmọ tó ń ṣa píìnì.